Ọjọ́ tí Omi Fà ní Itaparica

Èmi ni mo ṣètò ìrìn yìí, èmi náà ló sì yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gbé ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, lórílẹ̀-èdè Bràsíìlì. Bí ará ilé bá wá láti Nàìjíríà, èmi ni wọ́n máa ń pè pé kí n wá mú wọn yí ìlú ká. Lọ́tẹ̀ yìí, ìdílé kan ni, ènìyàn mọ́kànlá, àwọn ọmọ tó kó ìyá wọn wá ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn, mi ò sì ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀. Màmá ni gbogbo wa ń pe ìyá náà, Màmá náà ni màá pè wọ́n níbí.

Ohun tí Màmá fẹ́ rí jù ní gbogbo Bahia ni erékùṣù Itaparica. Agboolé eégún ni wọ́n bí wọn sí. Ẹnìkan ti sọ fún wọn pé àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú dé erékùṣù yẹn kò jẹ́ kí eégún parun, pé eégún ṣì ń jáde níbẹ̀ títí dòní, pé ilé eégún kan wà tí wọ́n ń pè ní Ilê Agboulá, pé oyè Alápínni, olórí àwọn eléégún, kò tíì kú lọ́hùn-ún. Òótọ́ ni. Mestre Didi, gbajúgbajà oníṣẹ́ ọnà ọmọ Bahia tó kú ní 2013, Alápínni ni. Nígbà tí mo sọ èyí fún Màmá lórí fóònù, kí wọ́n tó kúrò nílé, wọ́n ní, “Tí mo bá ti fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀, ó ti tó mi.”

Ọ̀nà méjì ni mo gbé yẹ̀ wò láti dé Itaparica. Ọkọ̀ ńlá tó ń gbé mọ́tò àti èrò máa ń lọ láti èbúté São Joaquim ní Salvador sí Bom Despacho ní erékùṣù náà, ìrìn bíi wákàtí kan. Ọ̀nà kejì ni ti àwọn arìnrìn-àjò afẹ́: ọkọ̀ onígi gígùn tí wọ́n ń pè ní escuna, tí òpó ìgbòkun dúró lórí rẹ̀ ṣùgbọ́n tó jẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń tì í. Ó máa ń gbéra láti èbúté Terminal Náutico ní Salvador ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, á kọ́kọ́ yà sí Ilha dos Frades, erékùṣù mìíràn, kí èrò wẹ̀, á wá lọ jẹun ọ̀sán ní Itaparica, á sì padà ní ìrọ̀lẹ́. Mo mú èyí nítorí pé láti orí rẹ̀ lèèyàn ti máa ń rí ìlú dáadáa. Lórí ìwé tí ilé iṣẹ́ náà fún wa, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé aago méjìlá àbọ̀ ni oúnjẹ ọ̀sán.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo sọ ohun méjì fún gbogbo wọn. Mo ní kí wọ́n má jẹun kún inú láàárọ̀, kí òòyì ojú omi má baà mú wọn. Mo tún ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, aago méjìlá àbọ̀ la máa jẹun. Ohun kan wà tí mi ò bèèrè: ta ló ń lo oògùn, irú oògùn wo, báwo ló sì ṣe bá oúnjẹ rìn.

Màmá ní àtọ̀gbẹ. Ní aago méje àbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà, ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n mu tíì tí kò ní ṣúgà, wọ́n jẹ ààbọ̀ búrẹ́dì kan ṣoṣo nítorí ohun tí mo sọ, wọ́n sì lo glibenclamide wọn, 5 mg, bí wọ́n ṣe ń lò ó láti ọdún mẹ́wàá. Iṣẹ́ oògùn yìí ni pé ó ń lé insulin, ohun tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, jáde nínú ara, yálà oúnjẹ wà nínú tàbí kò sí. Nílé, kò sí wàhálà, torí Màmá máa ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lé e. Lọ́jọ́ yẹn, ààbọ̀ búrẹ́dì ló gùn lé.

A gbéra ní aago mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀. Kí ọkọ̀ tó kúrò, ọ̀gá ọkọ̀ ní kí gbogbo wa wọ ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà, kò sì gba àwáwí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ìdí. Ní oṣù kẹjọ 2017, ọkọ̀ èrò kan dojú dé létí Mar Grande, lára Itaparica níbẹ̀, ènìyàn 19 kú. Àwọn ará ibí kò gbàgbé. A dè é mọ́ Màmá lára dáadáa, ó bò wọ́n látọrùn dé ìbàdí. Ẹ fi ẹ̀wù yìí sọ́kàn, màá padà sí i.

Bí ọkọ̀ ṣe ń fẹ̀yìn rìn kúrò létí omi, ìlú náà là sí méjì lójú wa: ìsàlẹ̀ létí omi, òkè lórí àpáta, Elevador Lacerda, lífítì tó ti ń gbé èèyàn láàárín méjèèjì láti 1873, dúró gbọnrangandan láàárín wọn. Níwájú rẹ̀ ni Mercado Modelo wà, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1861 fún àwọn aṣọ́bodè tó ń gba owó orí ẹrù. Nínú omi fúnra rẹ̀ ni ilé odi São Marcelo jókòó sí, ó rí róbótó bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Mo sọ fún wọn pé 1549 ni àwọn Pọtogí dá ìlú náà sílẹ̀, pé òun ni olú-ìlú Bràsíìlì títí di 1763. Màmá kò bèèrè nípa olú-ìlú. Wọ́n bi mí léèrè pé, “Ṣé orí omi yìí ni wọ́n gbà kó wọn wọlé?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní nígbà tí ogun ń tú Ọ̀yọ́ ká, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó gba ibí yìí pọ̀ débi pé ní 1835, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí àárín wọn dìde ogun sáwọn tó fi wọ́n ṣẹrú, ọmọ Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn, àti pé “Malê” tí wọ́n ń pe ogun náà, ìmàle tiwa ni. Màmá yíjú sí omi. Ètè wọn ń mì, oríkì bàbá wọn ni wọ́n ń kì wúyẹ́wúyẹ́. Gbogbo wa dákẹ́.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ gbé àwo èso kiri: bàrà olómi, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Màmá mi orí. Wọ́n ní ṣúgà ló kún inú rẹ̀, dókítà ti kìlọ̀ fún wọn. Àwọn ọmọ jẹ tiwọn àti ti Màmá tán.

Ilha dos Frades dára. Omi ibẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn ń rí ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ wẹ̀. Màmá gun òkè lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì kékeré Nossa Senhora de Guadalupe, nínú oòrùn, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, inú gbogbo wa sì ń dùn pé ara wọn le. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ìrìn òkè náà ń jẹ nínú ìwọ̀nba ṣúgà tó kù sí wọn lára.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló yẹ ká kúrò. A kò kúrò. Mo lọ bá ọ̀gá ọkọ̀, ó nawọ́ sí òpó igi létíkun: ara òpó náà tutù dé ibi tó ga ju orí mi lọ, omi sì ti wà ní orúnkún rẹ̀. Omi ti fà. Ó ní òṣùpá ti ràn mọ́jú ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, pé nírú àkókò bẹ́ẹ̀ omi máa ń lọ sẹ́yìn gan-an, pé aago méjìlá kọjá díẹ̀ ló máa lọ sílẹ̀ tán. Ó ní ibi tí a ti fẹ́ jẹun ní Ponta de Areia, ní Itaparica, kò jìn nísàlẹ̀, bí a bá tètè dé, ọ̀nà jíjìn náà la máa so ọkọ̀ mọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé oòrùn máa wọ̀. Lójú rẹ̀, ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni. Èmi kò mọ̀ ọ́n, ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbé létí omi yìí.

A dé iwájú Itaparica ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ju ìdákọ̀ró sílẹ̀. Etíkun wà lọ́hùn-ún, ó jìnnà tó pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta, yanrìn àti òkúta ti yọ síta láàárín. Ọkọ̀ kékeré onímọ́tò kan ló ń kó èrò lọ, ẹni mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, a sì tó àádọ́rin. Mo ní kí ìdílé wa jẹ́ kí àwọn tó ń kánjú kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, kí Màmá má baà há sáàárín wọn lórí àkàsọ̀. Mo rò pé mò ń tọ́jú wọn ni.

Àbúrò wọn ọkùnrin, ẹni tó jókòó ti Màmá, ló kọ́kọ́ ní wọ́n ti dákẹ́ jù. Wọ́n ń yán. Ojú wọn ti ṣì. Ọkọ̀ tó so mọ́ ìdákọ̀ró máa ń mì ju èyí tó ń rìn lọ, nítorí náà gbogbo wa fẹnu kò pé òòyì ojú omi ni. Obìnrin kan nínú èrò yọ ọsàn wẹ́wẹ́ jáde pé kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n má fún wọn ní nǹkan kan jẹ, wọ́n á bì í. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ fi iyọ̀ sí ṣíbí, ó ń bọ̀ ní kánkán: níbí, bí ara ẹnìkan bá rọ lójijì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ pé ó já wálẹ̀, iyọ̀ ni wọ́n sì máa ń fi sábẹ́ ahọ́n ẹni náà. Gbogbo wọn ló fẹ́ ṣe rere.

Àkọ́bí Màmá, tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí, wà níwájú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Màmá, wọ́n wò ó lójú, wọ́n sì fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pè é. Wọ́n bi í pé ṣé ó ti da adìyẹ wọlé. Àǹtí ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà náà, ó fa ọwọ́ jáde, ọwọ́ náà tutù rin-rin, ó ń kán tótó. Òógùn ni. Aṣọ Màmá ti rin látọrùn dé ìdí, ẹ̀wù yẹn ni kò jẹ́ ká rí i. Àǹtí kò sọ pé òòyì. Ó kígbe pé, “Ẹ gbé báàgì mi wá! Ẹ̀rọ ṣúgà wà nínú rẹ̀!”

Mo di ọwọ́ Màmá mú kó lè gún ìka wọn. Ẹ̀jẹ̀ tó yọ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ̀rọ náà ka ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ó gbé 51 mg/dL jáde. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀ ju 70 lọ, ṣúgà ti kéré jù lára. Bó bá lọ sílẹ̀ ju 54, ọpọlọ gan-an ti ń pebi.

Àwa tí a ń sá fún ṣúgà láti àárọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Àwo èso ti ṣófo. Ẹnìkan gbé omi àgbọn wá. Ó dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ṣúgà inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Mo sáré lọ síbi kúlà, mo fa guaraná, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ibí, inú agolo kan jáde, mo ti ń ṣí i bọ̀ kí Àǹtí tó já a gbà lọ́wọ́ mi. Ó tọ́ka sí ara agolo náà. “Zero” ni wọ́n kọ sí i. Kò sí ṣúgà kankan nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi nìkan ni, òun náà ni mi ò bá fún wọn mu, mi ò bá sì jókòó máa retí. A tú kúlà náà dé ìsàlẹ̀ pátápátá, abẹ́ yìnyín la ti rí méjì tí ṣúgà wà nínú wọn.

Màmá ṣì lè gbé nǹkan mì, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, torí ẹni tí kò bá lè gbé mì mọ́, èèyàn ò gbọdọ̀ da nǹkan sí i lẹ́nu. Àǹtí fún wọn ní nǹkan bí ààbọ̀ agolo, ìwọ̀n ṣúgà bíi gíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, díẹ̀díẹ̀. Ó wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ni mo rí i pé ó gùn jù láyé mi. Ọkọ̀ kékeré padà dé, ó kó èrò, ó tún lọ, a kò wò ó. Nígbà tó tún wọn ẹ̀jẹ̀ Màmá, 66. Ó fún wọn ní ìyókù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn, 98. Màmá nu ojú, wọ́n wo gbogbo wa tí a yí wọn ká, wọ́n ní, “Kí lẹ ń wò? Ṣé a ti dé ni?”

Ọ̀gá ọkọ̀ ní òun lè ní kí wọ́n gbé Màmá sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré. Àǹtí kọ̀, torí ẹsẹ̀ wọn kò tíì le fún àkàsọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ wá rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí etíkun, ó sì kó oúnjẹ padà wá nínú abọ́: ìrẹsì, ẹ̀wà, moqueca, ẹja tí wọ́n fi epo pupa àti wàrà àgbọn sè, pẹ̀lú farofa, gàrí tí wọ́n fi epo pupa yan. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Màmá fi ṣíbí kan ẹnu. Wọ́n tọ́ farofa náà wò, wọ́n ní gàrí ni, ẹ má tàn mí. Wọ́n jẹun tán lórí ọkọ̀, wọ́n kọjú sí Itaparica, wọn kò sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ì bá parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀, ó sì wù mí kí ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n glibenclamide máa ń pẹ́ lára, ó lè tó ọjọ́ kan gbáko, pàápàá lára àgbàlagbà tí kíndìnrín rẹ̀ kò yára bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣúgà tó gòkè lè tún já. Nígbà tí a dé Salvador ní aago márùn-ún àbọ̀, a kò lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ìjọba, èyí tí wọ́n ń pè ní UPA, la gbà lọ. Wọ́n gba Màmá wọlé, wọn kò gba kọ́bọ̀, torí ètò ìlera ìjọba Bràsíìlì máa ń tọ́jú àjèjì náà tó bá jẹ́ pàjáwìrì. Ní aago kan òru, ó já padà sí 64. Wọ́n fa omi ṣúgà sí wọn lára. Ní àárọ̀ ó di 118, wọ́n sì ní ká máa lọ. Ká ní a ti mú wọn lọ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, inú oorun ni ì bá ti já.

Mo ti padà lọ bá ọ̀gá ọkọ̀ náà. Kò sá fún ọ̀rọ̀. Ó ní ọdọọdún ni òun ń sọ ọ́ fún ọ́fíìsì pé kí wọ́n yéé tẹ aago kan ṣoṣo sórí ìwé, nítorí omi kì í dúró lójú kan: bó bá fà lónìí ní aago méjìlá, lọ́la yóò fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbà pé ìwé yẹn kò dára. Ẹni tó ń ta oúnjẹ ọ̀sán lórí omi gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà pé omi ló ni aago. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn kọ́ ló ní kí Màmá jẹ ààbọ̀ búrẹ́dì. Èmi ni. Ìmọ̀ràn náà kò tilẹ̀ tọ̀nà: inú òfìfo kì í dènà òòyì ojú omi, oúnjẹ díẹ̀ tí kò ní ọ̀rá ló sàn jù.

Tábìlì omi wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ológun ojú omi Bràsíìlì ló ń gbé e jáde, ó ń sọ wákàtí tí omi máa kún àti èyí tó máa fà ní èbúté Salvador lójoojúmọ́. Nígbà tí mo ṣí i wò, mo rí i pé ká ní a lọ ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọjọ́ náà, omi ì bá kún ní ọ̀sán, ọkọ̀ ì bá sún mọ́ etíkun. Ọjọ́ òṣùpá ni mo mú nítorí pé alẹ́ máa ń mọ́lẹ̀, kí àwọn àlejò lè rìn ní Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ní Salvador. Báyìí, tábìlì yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó sanwó ọkọ̀. Mo sì máa ń bèèrè oògùn lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan, ní kọ̀rọ̀, torí àwọn àgbà kì í fẹ́ sọ ọ́ láàárín èrò. Àpò kan wà tí mo máa ń gbé dání, bisikíìtì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ohun mímu aládùn mẹ́rin, èmi fúnra mi ni mo sì ń ka ara agolo wọn.

Àǹtí pe dókítà wọn nílé lọ́jọ́ kejì, ó ní kí Màmá dá oògùn náà dúró, ó sì ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ látìgbà tí wọ́n padà.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọjọ́ méjì kí wọ́n tó wọ bàálù, a gba São Joaquim, èmi, Màmá àti Àǹtí. Ọkọ̀ ńlá ni, mọ́tò wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sí àkàsọ̀ tí èèyàn máa gbà sọ̀ sínú omi. A ti jẹ àkàrà létí èbúté kí a tó wọlé, acarajé ni wọ́n ń pè é níbí, Màmá sì ti ṣàlàyé fún obìnrin tó ń dín in pé “àkàrà jẹ” ló ń sọ lẹ́nu láìmọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ kúrò létí ilẹ̀, Màmá dúró ti irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọ́n wo ara òpó èbúté náà fún ìgbà díẹ̀, níbi tó tutù dé. Wọ́n wá yíjú sí mi. “Ó ń wọlé ni àbí ó ń fà?” Mo ní ó ń wọlé, Màmá. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n sì jókòó.